Ka Orí, Ka Ìrù

“Orí!”

Àǹtí Oníbọ́ọ̀dù ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ti ń nu ojú bọ́ọ̀dù iná kan.

“Ẹ̀rin-èje, ẹ̀rin-ẹ̀sán, ẹ̀rin-ẹ̀fà, ẹ̀ta-ẹ̀jọ, ẹ̀ta-ẹ̀sán, ẹ̀fà-ení!” Kíámọ́sá dá a lóhùn nídìí kọ̀ǹpútà.

“Ìrù!”

“Ẹ̀ta-bíì!”

“Ó lórí, ó nírù. Kọ ọ́ sílẹ̀, kó o wá gbé e sórí fíláàṣì.”

Ẹni tó bá ń kọjá lọ lójú títì lè rò pé ẹja ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Kì í ṣe ẹja o. Bọ́ọ̀dù iná ni wọ́n ń ṣe, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ síwájú ilé ìtajà àti ilé ìwòsàn, tí àwòrán inú rẹ̀ ń rìn, tó ń fò, tó sì ń ṣẹ́jú síni. Àǹtí Oníbọ́ọ̀dù ló ni ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò ìyá Kíámọ́sá ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Kíámọ́sá ti ń lo ìsinmi ilé ìwé.

Kíámọ́sá kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Ìnagijẹ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ohunkóhun tó bá sì fẹ́ ṣe, kíá ló máa ń ṣe é. Kíá ló ń jẹun, kíá ló ń wẹ̀, débi pé ọṣẹ ṣì máa ń wà létí rẹ̀ nígbà tó bá wọṣọ tán. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí i pàápàá, nọ́ọ̀sì kò tíì wọ ìbọ̀wọ́ tán tí ọmọ fi dé.

Ohun kan ṣoṣo ni kò fẹ́ràn nínú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà: kíka orí àti kíka ìrù. Bọ́ọ̀dù iná Àǹtí kì í jẹ oríṣiríṣi. Irú fáìlì àwòrán kan ṣoṣo ló ń jẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní jíìfù. Bí èèyàn bá fún un ní òmíràn, ńṣe ló máa ṣókùnkùn bìrìbìrì, tí iná pupa kékeré kan á sì tàn ní igun rẹ̀ bí ọmọ aláìgbọràn tó ń yọ ahọ́n síni. Orúkọ tí wọ́n kọ sára fáìlì kò sì tó gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ yí orúkọ padà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Inú gbogbo fáìlì, nọ́ńbà ló tò lọ rẹrẹẹrẹ ní méjì-méjì. Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà Àǹtí tó ń tú wọn síta kéèyàn lè fojú rí wọn. Mẹ́fà kan náà ni gbogbo jíìfù tí bọ́ọ̀dù wọn ń jẹ fi ń bẹ̀rẹ̀: 47, 49, 46, 38, 39, 61. Bí èèyàn bá yí wọn sí lẹ́tà, orúkọ jíìfù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Ìparí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 3B, nítorí pé nínú òǹkà kọ̀ǹpútà, bí ẹ̀sán bá tán, lẹ́tà ló kù tí wọ́n ń lò. Èyí tí orí rẹ̀ bá yàtọ̀, kì í ṣe jíìfù rárá. Èyí tí kò bá nírù, bóyá ìdajì rẹ̀ ló dé.

Àǹtí wá sọ ọ́ di òfin pé fáìlì kankan kò gbọ́dọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ẹnì kan ké, ẹnì kejì kà á sókè, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú tó wà lórí tábìlì. Wọ́n ń ké, wọ́n ń dáhùn, láàárọ̀, lọ́sàn-án, títí tí ọmọ Àǹtí fi sọ ọ́ di orin. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọ yìí. Ẹ̀gà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kò tíì mọ ìwé kà, síbẹ̀ tó bá ń fo okùn, ohun tó máa ń kọ nìyí: “Ẹ̀rin-èje, ẹ̀rin-ẹ̀sán, ẹ̀rin-ẹ̀fà!” Tó bá ti dé “ẹ̀ta-bíì,” á fò sókè, á sì fi ìdí jókòó sílẹ̀.

“Àǹtí,” Kíámọ́sá béèrè lọ́jọ́ kan, “kí la tún ń kà á fún? Ohun kan náà ló máa ń jẹ́ lójoojúmọ́.”

“Ojoojúmọ́ náà lo ń wo ọ̀tún wo òsì kó o tó sọdá títì,” ni Àǹtí wí. “Ṣé torí pé mọ́tò kò gbá ọ lánàá lo ṣe máa pajú dé lónìí?”

Kíámọ́sá rẹ́rìn-ín, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kíámọ́sá.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìwòsàn eyín tuntun fún àwọn ọmọdé láàárọ̀ Sátidé, dókítà eyín sì ti ní kí Àǹtí gbé bọ́ọ̀dù ńlá kan kọ́ sí iwájú rẹ̀. Ayàwòrán kan tó ń gbé ní òdìkejì ìlú ló ń ya àwòrán tó máa wà nínú rẹ̀: eyín kan tó ń jó, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ara rẹ̀, tó sì ń ṣí fìlà kí àwọn èèyàn. Dókítà ti sọ pé àwọn ọmọdé máa ń bẹ̀rù òun, pé bí wọ́n bá fi ẹ̀rín wọlé, ìdajì iṣẹ́ òun ti parí.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Àǹtí múra, ó fẹ́ lọ wọn ògiri kan tí wọ́n fẹ́ gbé bọ́ọ̀dù míì kọ́.

“Ayàwòrán máa fi eyín náà ránṣẹ́ sórí fóònù ṣọ́ọ̀bù,” ni ó wí. “Tó bá dé, pe orí, kó o dá ara rẹ lóhùn, pe ìrù, kó o dá ara rẹ lóhùn. Mo gbẹ́kẹ̀ lé ọ.”

“Ẹ má ṣèyọnu, mà.”

Ohun tí Kíámọ́sá kò sọ fún Àǹtí ni pé olùkọ́ eléré ìdárayá fẹ́ yan àwọn mẹ́rin tó máa sáré ìje fún ilé ìwé tí ìsinmi bá parí, ọjọ́ náà gan-an ló sì fẹ́ yàn wọ́n, ní aago mẹ́rin géérégé. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń wá ipò kẹrin nínú eré ìje náà, nítorí pé ẹni kẹrin ló máa ń já okùn. Ó jókòó ti fóònù. Aago mẹ́ta kọjá, fáìlì kò dé. Aago mẹ́ta àbọ̀ lù, fáìlì kò dé. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, fóònù wá dún. Bó ṣe dún ni agogo kẹ̀kẹ́ dún lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Alágogo ló dúró síta lórí kẹ̀kẹ́, tó ń tẹ agogo bí ẹni tí ilé ń jó.

“Ṣé o ò ní í lọ ni? Olùkọ́ ti mú ìwé dání! Tí kò bá rí ọ, ó máa kọ orúkọ ẹlòmíràn!”

“Fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún.”

“Ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ̀? Gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ jàre!”

Kíámọ́sá sáré gbé fáìlì náà láti orí fóònù wọ kọ̀ǹpútà. Ó wò ó, ó sì rí i pé orúkọ rẹ̀ kò parí sí ti jíìfù. Ti fídíò ló parí sí. Ó mọ ohun tó fà á. Fóònù ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí èèyàn bá fi jíìfù ránṣẹ́ gba ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, ó lè sọ ọ́ di fídíò lójú ọ̀nà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó pe ayàwòrán, kó ní kó fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́ gba orí íméèlì. Ìyẹn á gbà tó ìdajì wákàtí.

Agogo kẹ̀kẹ́ tún dún.

Ó bá pa orúkọ fídíò rẹ́, ó kọ orúkọ jíìfù dípò rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ wò. Eyín yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń jó, ó ń ṣí fìlà kí i. “Ó kúkú ń ṣiṣẹ́,” ni ó wí nínú ara rẹ̀. Kò rántí pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe bọ́ọ̀dù, pé kọ̀ǹpútà ń jẹ gbogbo nǹkan. Ó kọjú sí ìwé ẹlẹ́yìn dúdú. Kò ṣí ètò tó ń tú nọ́ńbà síta, kò ké orí, kò ké ìrù. Ó kàn kọ 47, 49, 46, 38, 39, 61 láti orí wá, ó kọ 3B sí i, ó buwọ́ lù ú. Ṣebí ohun kan náà ló máa ń jẹ́ lójoojúmọ́. Ó gbé fáìlì sórí fíláàṣì, ó fi í sínú àpò irinṣẹ́ Àǹtí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ yẹn, Kíámọ́sá sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Olùkọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí ipò kẹrin, ó sì ní kí gbogbo wọn wá fún ìgbáradì àkọ́kọ́ ní aago mẹ́rin ọ̀la. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé òun parọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wọn ti wà níwájú ilé ìwòsàn eyín. Bàbá Oníwáyà ló gbé bọ́ọ̀dù kọ́. Àgbàlagbà ni Bàbá yìí, òun ló ń so gbogbo wáyà inú bọ́ọ̀dù Àǹtí látọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù ti wà. Eékún rẹ̀ kan máa ń dún tó bá ń gun àkàbà, òun fúnra rẹ̀ a sì máa sọ pé eékún náà ń kí òun kú iṣẹ́. Ohun tó fi ń yangàn kò ju ẹyọ kan lọ: láti ọgbọ̀n ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò so wáyà kan ṣì rí.

Àǹtí ki fíláàṣì bọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù. Dókítà eyín pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gà gun orí àga kó lè rí i dáadáa. Bàbá Oníwáyà tan iná.

Bọ́ọ̀dù ṣókùnkùn. Iná pupa kékeré yọ ní igun rẹ̀.

“Ah,” ni Dókítà wí.

Wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án. Òkùnkùn náà ni. Àǹtí yíjú sí Kíámọ́sá.

“Ṣé o ka orí?”

Bí Kíámọ́sá bá sọ òtítọ́ nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Dókítà ń wò ó, Bàbá ń wò ó, irọ́ sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó ronú. “Mo kà á, mà.”

“Ìrù ńkọ́?”

“Ẹ̀ta-bíì ni, mà.”

Àǹtí ṣí ìwé ẹlẹ́yìn dúdú. Ó rí nọ́ńbà mẹ́fà, ó rí ìrù, ó rí ìbuwọ́lùwé. Ó mí kanlẹ̀.

“Kò sí nǹkan tó ṣe fáìlì. Bàbá, ó máa jẹ́ pé ara bọ́ọ̀dù ló wà.”

Bàbá Oníwáyà mú sùkúdíráfà, ó gun àkàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú súkúrú ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Ó tú pátákó àkọ́kọ́, ó tẹ̀lé wáyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò rí nǹkan kan. Ó tú ìkejì. Oòrùn ń mú, òógùn ń ro tótó láti iwájú orí rẹ̀ bọ́ sára àkàbà. Kíámọ́sá di ẹsẹ̀ àkàbà mú, ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, Bàbá ti tú pátákó mẹ́jọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó sì ń nù ún.

“Ọmọ mi,” ni ó sọ fún Àǹtí, “mi ò rí i. Ibi kan wà tí mo ti so nǹkan ṣì, ojú mi ni kò rí i mọ́. Mo ti ń fura láti ọdún tó kọjá. Bóyá iṣẹ́ yìí ló yẹ kó jẹ́ ìkẹyìn.”

“Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.”

“Jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó sàn kéèyàn fẹ́sẹ̀ ara rẹ̀ kúrò lórí àkàbà ju kó já bọ́ lọ. Wá ọ̀dọ́ kan tí ojú rẹ̀ mú fún ti ọ̀la.”

Ọ̀rọ̀ yìí gún Kíámọ́sá lọ́kàn bí abẹ́rẹ́. Ó wo Bàbá tó ṣì ń nu gíláàsì rẹ̀. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́ nìkan. Ojú ń tì í.

Ẹ̀gà ń fo okùn níwájú ilé ìwòsàn ní gbogbo ìgbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́. “Ẹ̀rin-èje! Ẹ̀rin-ẹ̀sán! Ẹ̀rin-ẹ̀fà! Ẹ̀ta-ẹ̀jọ!” Kò fo ẹyọ kan. Ọmọ tí kò mọ ìwé kà, tí kò fojú rí fáìlì rí, ń ka orí fáìlì bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́. Kíámọ́sá gbọ́ ọ, ara rẹ̀ sì tutù. Ohun tí òun kọ sínú ìwé lánàá kò sàn ju orin Ẹ̀gà lọ. Orin Ẹ̀gà tiẹ̀ sàn jù, nítorí pé Ẹ̀gà kò buwọ́ lù ú.

“Àǹtí,” ni ó pè, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti eṣinṣin lọ. “Kì í ṣe bọ́ọ̀dù.”

“Kí lo sọ?”

“Kì í ṣe bọ́ọ̀dù, mà. Mi ò ka orí. Mi ò ka ìrù. Fídíò ló dé lánàá, mo yí orúkọ rẹ̀ padà. Àwọn nọ́ńbà tó wà nínú ìwé, orí mi ni mo ti kọ wọ́n.” Omijé ti ń dà lójú rẹ̀. “Mo fẹ́ lọ sáré ni.”

Àǹtí ṣí ìwé ẹlẹ́yìn dúdú, ó wo ìbuwọ́lùwé náà, ó sì pa á dé. Kíámọ́sá ì bá fẹ́ kó pariwo.

“Èmi kọ́ lo gbé gun àkàbà,” ni Àǹtí wí níkẹyìn. “Ẹni tó gun àkàbà wà níbẹ̀ yẹn. Lọ sọ fún un.”

Kíámọ́sá kò sáré lọ. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàárín òun àti Bàbá, ó sì gùn ju gbogbo pápá ìṣeré lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú àpótí irinṣẹ́, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ látòkèdélẹ̀. Kò fi Alágogo ṣe àwáwí.

Bàbá Oníwáyà wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó fi gíláàsì rẹ̀ padà sójú.

“Tún ọ̀kan sọ kí n gbọ́. Ṣé pé kì í ṣe ojú mi?”

“Kì í ṣe ojú yín, Bàbá. Èmi ni mi ò lo ojú tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.”

“Wáyà mi ńkọ́?”

“Kò sí èyí tó ṣì nínú wọn.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tí àpótí irinṣẹ́ fi ń mì lábẹ́ rẹ̀. “Ẹ gbà mí o! Ọmọ yìí fẹ́ẹ̀ fi mí jẹ afẹ̀yìntì lójú ọ̀sán gangan! Mo ti ń ronú irú àga tí màá máa jókòó lé.” Lẹ́yìn náà ló wá dákẹ́ ẹ̀rín, ó sì fi ìka kan kàn án lórí. “Mo ti forí jì ọ́. Àmọ́ súkúrú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo tú, ìwọ lo máa máa kó wọn lé mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi dè é tán. Kì í ṣe kíámọ́sá o. Wọ́ọ́rọ́wọ́.”

“Kò sì ní í sí eré sísá lónìí,” ni Àǹtí fi kún un.

Wọ́n pe ayàwòrán, wọ́n ṣàlàyé, ó sì ní òun máa fi ojúlówó jíìfù náà ránṣẹ́ sórí íméèlì lójú ẹsẹ̀. Kó tó dé, Àǹtí gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sórí tábìlì agbàlejò, ó fi fáìlì àná sínú ètò, ó sì pe Kíámọ́sá.

“Orí.”

Kíámọ́sá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. “Òdo-òdo, òdo-òdo, òdo-òdo, ení-ẹ̀jọ, ẹ̀fà-ẹ̀fà, èje-ẹ̀rin.”

“Kì í ṣe bó ṣe ń lọ nìyẹn!” Ẹ̀gà pariwo láti orí àga. “Ó kọ ọ́ ṣì!”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, títí kan Dókítà. Kíámọ́sá náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé imú rẹ̀ ṣì kún fún ẹkún. Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ pé ó ti fojú kan òdo mẹ́fà yẹn lánàá, ọmọ ọdún márùn-ún pàápàá ì bá ti mọ̀ pé nǹkan kò dára.

Íméèlì dé. Wọ́n gba fáìlì náà sílẹ̀. Àǹtí ké orí, Kíámọ́sá wò ó dáadáa, ó kà á: ẹ̀rin-èje, ẹ̀rin-ẹ̀sán, gbogbo rẹ̀ pé. Dókítà ti ń pàtẹ́wọ́. Bàbá ti di fíláàṣì mú.

“Ó dára,” ni Dókítà wí. “Ẹ fi sí i, ẹ fi sí i! Wọ́n fẹ́ wá to àga fún ti ọ̀la.”

“Ẹ dákun, ẹ dúró,” ni Kíámọ́sá wí. “Mi ò tíì ka ìrù.”

Ó wá ìparí fáìlì lọ. Ó wò ó, ó tún sún mọ́ ọn wò ó.

“Èje-ẹ̀fù,” ni ó kà. “Kì í ṣe ẹ̀ta-bíì. Àǹtí, kò nírù.”

Àǹtí sún mọ́ ọn. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ ayélujára ti já nígbà tí fáìlì ń wọlé, ìdajì rẹ̀ ló dé.

“Ká ní a fi sí i bẹ́ẹ̀, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀?” Dókítà béèrè.

“Eyín yín ì bá jó dé ìdajì,” ni Àǹtí dáhùn, “á wá gan pa síbẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, fìlà lọ́wọ́, níwájú gbogbo àlejò.”

“Àwọn ọmọdé á ní mo ti gún un lábẹ́rẹ́,” ni Dókítà wí, ó sì jókòó.

Wọ́n tún fáìlì gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n jẹ́ kó wọlé tán. Orí pé, ìrù sì jẹ́ ẹ̀ta-bíì. Nígbà tí Bàbá Oníwáyà fi máa de súkúrú kẹrìnlélọ́gọ́ta, aago mẹ́rin ti kọjá dáadáa. Kíámọ́sá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ Alágogo tó ń kọjá lọ sí pápá. Ó juwọ́ sí i, kò sì kúrò lẹ́sẹ̀ àkàbà.

Bàbá tan iná. Eyín funfun ńlá kan fò jáde sójú bọ́ọ̀dù, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó fọ ikùn, ó fọ ẹ̀yìn, ó jó lọ sọ́tùn-ún, ó jó lọ sósì, ó wá ṣí fìlà. Ẹ̀gà ṣí fìlà tí kò dé sórí, ó sì kí i padà. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ dúró lójú títì, ó ń fi ahọ́n ka eyín ara rẹ̀. Inú Kíámọ́sá dùn ju ti àná lọ, nígbà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní pápá.

Kì í ṣe pé kò jìyà. Olùkọ́ fi ẹlòmíràn sí ipò kẹrin nítorí pé kò wá fún ìgbáradì, ó ní kí Kíámọ́sá jẹ́ adelé, kó máa dúró dè bóyá ẹsẹ̀ máa dun ẹnì kan. Ó dùn ún. Àmọ́ nígbà tí Alágogo ní kó sọ fún olùkọ́ pé ara òun kò yá ni, ó mi orí.

“Mo ti rẹ́ni tó gun àkàbà nítorí irọ́ mi,” ni ó wí. “Ó tó.”

Ní Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn, tí àwọn ọmọdé sì ti wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, Kíámọ́sá gbé ìwé ẹlẹ́yìn dúdú lọ bá Àǹtí.

“Àǹtí, ẹ má bínú, mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ. Ìwé wa ń béèrè ohun tí gbogbo wa ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gà pàápàá lè kọ ọ́ tó bá mọ ìwé kọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìlà kan kún un. Nọ́ńbà mẹ́rin tó tẹ̀lé orí, òun ló ń sọ ìbú àwòrán àti gíga rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ìyẹn, ká tún kọ bí fáìlì ṣe wúwo tó. Ìyẹn máa ń yàtọ̀. Ẹni tí kò bá ṣí i kò lè mọ̀ ọ́n.”

Àǹtí wo ìwé, ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ta ló kọ́ ọ ní èyí?”

“Irọ́ tí mo pa ló kọ́ mi, mà. Mo mọ bó ṣe rọrùn tó.”

Àǹtí mú rúlà, ó fa ìlà tuntun náà sínú ìwé lójú ẹsẹ̀. Bàbá Oníwáyà, tó ń mu tíì létí ilẹ̀kùn, ní òun náà fọwọ́ sí i, pé eékún òun gan-an fọwọ́ sí i.

Láti ọjọ́ yẹn ni orin Ẹ̀gà ti bàjẹ́. Á fo okùn, á kọ ọ́ dé “ẹ̀fà-ení,” á wá dúró. “Ti òní ńkọ́?” ni yóò máa béèrè. Kíámọ́sá á sì dá a lóhùn láti ìdí kọ̀ǹpútà pé, “Dúró ná, mo ń wò ó.”

Kíámọ́sá kò yí padà di ìgbín o. Ó ṣì ń jẹun kíá, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan pé kó buwọ́ lù ú pé òun rí nǹkan, á jókòó, á fojú ara rẹ̀ wò ó láti orí dé ìrù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ìròyìn ò tó àfojúbà. Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, bó bá jẹ́ iṣẹ́ ilé ìwé ni, bó bá jẹ́ iṣẹ́ òbí ni, má kọ ohun tí o kò rí sílẹ̀, nítorí ẹlòmíràn ló máa gun àkàbà rẹ̀.